Ìparí Fíìmù Kọ́ Ló Ń Kọ́ Wa

Bí a bá ti di ẹ̀bi oògùn owó ru àwọn tó ń ṣe fíìmù, èsì wọn kì í yí padà: "Ẹ wo ìparí eré náà ná. Ṣebí ẹni tó fi ìyàwó rẹ̀ ṣoògùn owó ya wèrè? Ìkìlọ̀ là ń ṣe fún aráyé." Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. N kì í ṣe òṣèré, n kò sì gbé kámẹ́rà rí. Ṣùgbọ́n owó fíìmù ni mo fi rán àwọn ọmọ mi níléèwé, torí èmi ni mò ń yá a fún àwọn tó ń wò ó, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Òjòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà láyé kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá Fídíò ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ẹni tó bá fẹ́ yá fíìmù á fi owó ìdógò sílẹ̀, màá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá, ó di ọjọ́ kejì kó tó dá a padà. Bí kò bá yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó gbé e wá, ó máa san owó ìtanràn. Wọ́n ń wá láti Òkè-Ṣópẹ́n, láti Àtìkòrí, láti Jàpárà. Àwọn tó ń ti ọ̀nà Àbígí àti Ibíadé wọlé wá nájà ló máa ń kó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé iná ò sí lọ́dọ̀ wọn lápá etí omi. Alẹ́ tí ẹnì kan bá tan jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo àdúgbò á rọ́ wá síwájú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, tí wọ́n á wo mẹ́rin mọ́júmọ́.

Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì kì í gbó dọ́gba. Ibi tí àwọn èèyàn bá ń dá padà wò léraléra ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ìlà funfun á máa sáré kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, ohùn á máa lọ́, àwòrán á máa gbọ̀n. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá kásẹ́ẹ̀tì kan ṣì ṣeé yá fún èèyàn, ńṣe ni mò ń sáré yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé ìdí. Nínú fíìmù oògùn owó, n kò bá ìlà funfun níbi tí ọkùnrin náà ti ń já aṣọ rẹ̀ ya láàárín ọjà. Ibi tí igbá ti ń pọ owó ló ti gbó. Ibi tó ti gbé jíìpù tuntun wọ àdúgbò, tí àwọn tó ń fi í ṣẹlẹ́yà tẹ́lẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀, ló ti gbó. Òde àríyá tí olórin ti ń kì í, tó ń náwó fún un lójú agbo, ibẹ̀ gan-an ni àwòrán ti ń gbọ̀n jù lọ. Apá kìíní máa ń bàjẹ́ ṣáájú apá kejì. Àwọn kan ò tiẹ̀ padà wá yá apá kejì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìyà wà.

Mo mọ̀ pé onífíìmù á ní ẹ̀bi àwọn tí kò wò ó tán nìyẹn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ti àwọn tó wò ó dé ibi tí wọ́n kọ "To God Be the Glory" sí.

Kásẹ́ẹ̀tì àti sìdí ti kógbá wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà báyìí, tí mò ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí mò ń ta káàdì fóònù, tí mo sì ń kó fíìmù sí mẹ́mọ́rì fún ẹni tó bá fẹ́. (Kí onífíìmù kankan má torí gbólóhùn yìí pè mí lẹ́jọ́ o.) Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn, ọmọ dáadáa, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ń kà. Ó ń dúró de ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, a jọ ń wo ọ̀kan nínú àwọn fíìmù yìí lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé o gba èyí gbọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, màmá, èmi ò lè ṣe irú ẹ̀ láéláé. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o."

"N ò bi ọ́ bóyá o lè ṣe é. Mo ní ṣé o gbà pé ó ń jẹ́?"

Ó wò mí bíi pé mo bi í bóyá omi ń tutù. "Ó ń jẹ́ kẹ̀, màmá. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni ò dáa."

Bí ẹ bá ní kí n ṣàkópọ̀ ohun tí fíìmù oògùn owó ti kọ́ wa láti ìgbà tí Living in Bondage ti jáde lọ́dún 1992, lédè Ìgbò, tí tiwa náà sì tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́, ọmọ yẹn ti bá mi ṣe é tán. Ìkìlọ̀ wọ̀ ọ́ létí, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti bá ìkìlọ̀ náà wọlé, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn lé e lórí rí.

Ẹ lọ tún wọn wò. Àríyànjiyàn pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n lórí kí ni? Ìyàwó ń sunkún pé kí ọkọ òun má ṣe é. Ìyá ń búra. Pásítọ̀ ń bá a wí. Ọ̀rẹ́ ń tì í pé kó ṣe é. Gbogbo wọn ń jà lórí bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè pé báwo ni ẹ̀jẹ̀ èèyàn ṣe ń di náírà. Ta ló tẹ owó tí igbá yẹn ń pọ̀? Nọ́ńbà wo ló wà lára rẹ̀? Bí igbá bá lè tẹ náírà, kí ló dé tí ìjọba ṣì ń náwó sórí ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ owó? Kódà pásítọ̀ tó wá ṣẹ́gun nígbẹ̀yìn, bó ṣe ń gbàdúrà tí igbá ń gbiná, tí òkú ìyàwó ń pòórá, ó ń jẹ́rìí sí i ni pé agbára náà wà lóòótọ́; tiẹ̀ kàn jù ú lọ ni. Bí ẹni tó ń wò ó ṣe jókòó, ó ti múra láti gba ẹ̀kọ́ tàbí láti kọ̀ ọ́. Ohun tí gbogbo ẹni tó wà nínú eré náà ti gbà láì jiyàn, kò múra sílẹ̀ dè é. Ìyẹn ló sì máa bá a sùn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ọlọ́pàá mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Abẹ́òkúta, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan, wọ́n sì ń sun orí rẹ̀ nínú ìkòkò. Ọ̀kan nínú wọn ní orí Facebook lòun ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lóṣù kejì, àwọn aṣojú-ṣòfin l'Abuja ní kí ìjọba kéde ọ̀rọ̀ àwọn afèèyàn-ṣoògùn-owó bí ohun pàjáwìrì. Gbogbo ayé bá ń bú Facebook. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìkan lọmọ yẹn lọ wá lórí Facebook. Ó ti dá a lójú kó tó débẹ̀ pé ó ń jẹ́. N kò sọ pé fíìmù nìkan ló fi dá a lójú. Ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá mi. Àmọ́ ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́ nígbà náà, àwọn kan gbà, àwọn kan ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Fíìmù ló fún un ní àwọ̀, ilé, mọ́tò, àti orin.

Fíìmù Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe báyìí. Aiyé jáde lọ́dún 1979. Hubert Ogunde ni, ọmọ Òsósà, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọlá Balógun ló bá a darí rẹ̀. Tiwa-n-tiwa ni, gbogbo Ìjẹ̀bú ló tú jáde lọ wò ó. Ogunde fúnra rẹ̀ ló ṣe babaláwo tó ń gbèjà aráàlú lọ́wọ́ àwọn àjẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ mọ́ kedere: rere ló máa ń borí ibi. Ìyá arúgbó kan wà ní agboolé wa tó ń dá gbé, ẹ̀kọ ló ń tà, ó sì máa ń fún àwa ọmọdé ní èyí tó bá fọ́. Lẹ́yìn Aiyé, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nínú wa. Ogunde kò sọ níbì kankan pé ká má gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ arúgbó. Ó kàn jẹ́ pé bí àjẹ́ ṣe rí nínú eré náà ni ìyá yẹn ṣe rí: obìnrin, àgbà, tí kò sọ́kọ nílé. Ẹ̀kọ́ nípa rere àti ibi ti fò lọ lórí wa kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Màmá Margaret Bandele Olayinka, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìyá Gbọ́nkán, bí àwọn èèyàn ṣe ń wo àwọn lójú títì nítorí ipa àjẹ́ tí wọ́n ń kó.

Lápá Akwa Ibom, ó kọjá ẹ̀kọ. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń pè lájẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń lé sígboro, títí ìpínlẹ̀ náà fi ṣòfin lọ́dún 2008 tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọ lájẹ́. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọdé dárúkọ fíìmù End of the Wicked, ti ọdún 1999, mọ́ àwọn ohun tó dá iná náà sílẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Túndé Kèlání, òun náà kò sì bọ́ nínú rẹ̀. Nínú Thunderbolt, tó jáde lọ́dún 2001, ọkọ kan fura sí ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ìgbò, wọ́n fi mágùn sí obìnrin náà lára. Dókítà ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ tí kò gbà pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Eré náà lo dókítà yẹn láti fi hàn wá pé ó wà: ó bá obìnrin náà sùn, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ló gbà á là. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ wa ni pé kí ọkọ má máa fura sí aya, kí á má sì torí ẹ̀yà kórìíra ara wa. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó yá a lọ́wọ́ mi léèrè ohun tí wọ́n rántí nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ibi nìkan ni fíìmù ń gbìn lọ́nà yìí. Nígbà tí Ó Le Kú jáde lọ́dún 1997, láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, kò sí òṣèré tó kọjú sí wa tó ní, "Ẹ lọ rán ìró kúkúrú àti bùbá." Wọ́n kàn wọ̀ ọ́ ni, torí ayé ìgbà tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń fi hàn. Kí ọdún tó yí po, kò sí télọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò máa rán an, orúkọ fíìmù náà ló sì di orúkọ aṣọ. Èmi náà rán méjì.

Nǹkan aṣọ kéré sí ti Brazil. Ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń bí níbẹ̀, tó lé díẹ̀ ní mẹ́fà lọ́dún 1960 (6.3 ni wọ́n kọ sílẹ̀), ti já sí 2.3 lọ́dún 2000. Ìjọba ibẹ̀ kò ṣòfin pé kí wọ́n má bímọ púpọ̀. Nígbà tí olùwádìí kan, Eliana La Ferrara, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú eré orí tẹlifíṣọ̀n Globo wò, 115 eré tí wọ́n ṣe láàárín 1965 sí 1999, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, 72 ni kò bímọ rárá, 21 sì bí ẹyọ kan. Bí àwòrán Globo bá ṣe ń dé agbègbè kan, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n ń bí níbẹ̀ ń dín kù, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí kò rí jájẹ. Àwọn tó bímọ ń sọ ọmọ lórúkọ àwọn ẹ̀dá inú eré náà. Ìfẹ́, ìlara àti ogún ni eré náà ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ìwàásù ìfètò-sọ́mọ-bíbí níbẹ̀. Àwọn èèyàn kàn ń wo ilé tó dùn ún gbé, ilé náà ò sì kún fọ́mọ.

La Ferrara yìí kan náà dé ọ̀dọ̀ wa. Òun, Abhijit Banerjee tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019, àti Victor Orozco fi eré MTV Shuga han àwọn ọ̀dọ́ ní 80 ibùdó nílẹ̀ Yorùbá níbí, nǹkan bí 5,000 ọmọ ọdún 18 sí 25, àwọn kan wo Shuga, àwọn kan wo eré mìíràn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, àwọn tó wo Shuga tó lọ yẹ ara wọn wò fún kòkòrò HIV fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àwọn tí kò wò ó. Shuga ń wàásù díẹ̀ lóòótọ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó tún fi ọmọge àti ọ̀dọ́kùnrin tó gbáfẹ́, irú èyí tí àwọn tó ń wò ó fẹ́ jọ, hàn bí wọ́n ṣe ń lọ yẹ̀jẹ̀ wò tí wọ́n sì ń padà sílé. Ní Uganda pẹ̀lú, wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé lọ wo Queen of Katwe, eré tí David Oyelowo tiwa wà nínú rẹ̀, nígbà tí ìdánwò wọn kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ìṣirò àwọn tó wò ó dára ju ti àwọn tó wo fíìmù mìíràn lọ. Ayò ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń ta nínú fíìmù yẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹnikẹ́ni níṣirò.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ fíìmù oògùn owó yìí dun àwa Ìjẹ̀bú ju ẹlòmíràn lọ. Nínú fíìmù, bí ọ̀ràn bá ti ga ju babaláwo ìlú kan lọ, wọ́n á ní kí ẹni náà gba Ìjẹ̀bú lọ, tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sápá etí òkun. Lọ́dọọdún tí àwọn ọmọ tuntun bá wọlé sí Àgọ́-Ìwòyè, mo máa ń rí àwọn tí ìyá wọn ti kìlọ̀ fún láti Èkó pé kí wọ́n má gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó tí mo bá nílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, owó gẹdú ni, owó obì ni, owó kòkó ni. Mo mọ àwọn tó fi ẹnu ayùn là. Igbó J4 wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú títí dòní, tí wọ́n gbin igi mẹ̀láínà sí kó lè máa bọ́ ilé-iṣẹ́ ìwé tó wà ní Ìwópín, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Ẹ bá mi wá fíìmù kan ṣoṣo tí ọlọ́rọ̀ Ìjẹ̀bú inú rẹ̀ ti là nípa pákó.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọ̀gá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, Shaibu Husseini, kéde ní Enugu pé òfin tuntun ti wà lòdì sí fíìmù tó bá ń gbé oògùn owó, ìpànìyàn fún ètùtù àti sìgá mímu lárugẹ. Mo gbóṣùbà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí "gbígbé lárugẹ" bá jẹ́ òṣùwọ̀n wọn, gbogbo fíìmù tó gbó lọ́wọ́ mi ló máa yege. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé e lárugẹ. Gbogbo wọn ló fi í bú, gbogbo wọn ló fìyà jẹ ẹni tó ṣe é. Gbogbo wọn náà ló sì fi hàn pé ó ń jẹ́.

Èyí tó kù tí a ò rí ni fíìmù tí kò ti jẹ́. Kí ọmọ Yahoo pààyàn, kó sì jí lọ́jọ́ kejì kó máa wo igbá tó gbẹ táútáú. Kí ó padà lọ bá ẹni tó ṣe é fún un, kó bá a tí onílé ń lé e jáde nítorí owó ilé oṣù mẹ́fà. Kí ọlọ́pàá wá mú àwọn méjèèjì. Wọ́n á ní kò ní tà. Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Moses Olaiya, Bàbá Sàlá wa, ṣe Ọ̀run Móoru lọ́dún 1982. Ẹni tí wọ́n fi oògùn ayédèrú ṣèlérí owó rẹpẹtẹ fún, tí wọ́n sì gbá gbogbo ohun tó ní lọ, ló wà nínú rẹ̀, gbogbo ayé sì ń rẹ́rìn-ín. Fíìmù náà tà débi pé àwọn tó ń ṣe àdàkọ jí i, tí wọ́n fi sọ Bàbá Sàlá di onígbèsè. Ẹ̀bi ìtàn kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kámẹ́rà, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹ lówó lọ́wọ́ tí ẹ ń bá wọn ná an sórí fíìmù, ẹ gbé irú rẹ̀ jáde fún wa lọ́dún yìí, kó pani lẹ́rìn-ín, kí olórin wà níbẹ̀, kí jíìpù wà níbẹ̀ bí ẹ bá fẹ́. Ẹ má fi ìwàásù kankan sí ìparí rẹ̀. Bó bá jáde, owó gidi ni màá fi ra tèmi, màá sì tàn án sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́fẹ̀ẹ́.